Ilé Tí A Ti Ka Ẹ̀rín Léèwọ̀

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Mo tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Idigny, itọ́ náà pupa, ìyá mi sì figbe ta: "Àṣé ìwọ lò ń jẹ obì bàbá rẹ!" Mo la ẹnu fún un. Kò sí obì níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ó pẹ́ tí mo ti ń wúkọ́, àmọ́ eruku àgbàdo la di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní Kétu, nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà sọ pé ikọ́ ife ni: kòkòrò tín-ín-tín ti wọ ẹ̀dọ̀fóró mi, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń pa á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá abẹ́rẹ́ dúró torí pé ara ti fúyẹ́, àìsàn náà á padà wá bá a, á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwa ọ̀dọ́ la máa ń dá a dúró jù. Oko ń pè wá, ọ̀nà sì jìn. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ara gbogbo èèyàn ń yá sí ohun tuntun. Dókítà bá ṣètò ilé kan sẹ́yìn ibi ìtọ́jú, kí àwa márùn-ún máa gbé ibẹ̀ títí a ó fi sàn. Òfin rẹ̀: ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ń fa ikọ́.

Ọ̀dọ́ márùn-ún nínú yàrá kan! Ràfíù, ọ̀kan nínú wa tó wá láti abúlé Adakplamè, kàn só ni, a ti ń yí lórí ẹní. A rẹ́rìn-ín, a wúkọ́, àyà ń dùn wá bí ẹni fi ọ̀bẹ ha á, a tún rẹ́rìn-ín. Dókítà fi aṣọ pín ibùsùn wa, ó ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé pa lọ́lọ́. Oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Ràfíù sá lọ sílé.

Ẹ̀rù wá bà mí gan-an, torí mo mọ ohun tí ìdádúró abẹ́rẹ́ lè fà. Dókítà gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a, ó gbé e padà, eruku pupa bo àwọn méjèèjì dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ó ní. "Kí ló burú nínú ilé yìí?"

"Ẹ má bínú, Dókítà," ni mo dáhùn. "Òkú nìkan ló lè gbé inú rẹ̀."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, gbogbo wa sì ń wò ó bí ẹni tí ibùsùn kẹfà kàn.

Lọ́jọ́ kejì ó já àwọn aṣọ náà. Ó ní ká máa jókòó níta, nínú afẹ́fẹ́, ká máa fi aṣọ bo ẹnu tí a bá ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá wa ń fi ọjọ́ ìsinmi oko wá dáná fún wa. Nígbà tí Dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, á wọ̀n wá, á sì sọ ìtàn kan nípa àna rẹ̀, á dẹtí bóyá ikọ́ á tẹ̀ lé ẹ̀rín. Ìtàn náà kò pani lẹ́rìn-ín rárá. Àánú la fi ń rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́, abẹ́rẹ́ sì dùn wá ní ìdí tó bẹ́ẹ̀ tí jíjókòó di iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò tí wọn kò rí kòkòrò mọ́, mo padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife lọ́wọ́, ẹ má tètè gbà pé ẹ ti sàn. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yín parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí mo padà sílé, mo ru omi láti odò, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó rántí pé mi ò dúró láti mí níbì kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àyà mi bí ẹni ń kí àgbàlagbà, mo sì mí sínú, jinlẹ̀jinlẹ̀, lásán.