Ilé Ọlọ́run Tó Dúró Lórí Òpó Nílẹ̀ Gbígbẹ

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Báyọ̀ Olówòkéré, ẹ bi í léèrè odò tó ń sá fún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo Oríòkè-Ìwàmímọ́, ìlú rẹ̀ tó wà létí òkun, ló mọ ìbéèrè yìí. Àwọn apẹja ń fi kí i láti inú ọkọ̀ wọn, àwọn obìnrin ń bi í níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kódà ẹni tó ti Mahintedo wá rajà á kọ́kọ́ bi í ná. Ọkùnrin náà a pòṣé, a gbé ayùn rẹ̀ kọ́ èjìká, a sì bá tirẹ̀ lọ.

Káfíńtà ni. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ni kí èèyàn ri òpó mọ́lẹ̀ nínú omi, kó tẹ́ pákó lé e, kó sì kọ́ ilé sí i lórí. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohun tó ń bà á nínú jẹ́ ni pé òkun kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ láyé. Òkun gbé ilé tí wọ́n bí Gift, àkọ́bí rẹ̀, sí. Ó gbé ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́. Ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti Happiness ìyàwó rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, tòun ti pẹpẹ. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó lè nawọ́ sí pé èmi ni mo kọ́ eléyìí. Ta ni irú èyí á ṣẹlẹ̀ sí tí kò ní máa kanra?

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ajíhìnrere Akínwùmí, tíṣà ará Àkúrẹ́ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wọn, kéde pé àwọn ń lọ sí abúlé kan lókè Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti lọ wàásù kí wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ Báyọ̀ ti wà lókè kó tó sọ̀rọ̀ tán. Happiness yarí nígbà tó gbọ́.

“Bàbá Gift, ulé tiwa ń mì lórí omi, ulé àwọn ẹlòmíì lẹ fẹ́ lọ kọ́?”

“Ìyá Gift, jẹ́ n lọ. Wọ́n ní wọn kì í rí òkun níbẹ̀ rárá. Mo fẹ́ kọ́ ohun kan tí kò ní wó kí n tó kú.”

Obìnrin náà wò ó títí, lẹ́yìn náà ló lọ bá a di ẹja gbígbẹ sínú àpò.

Ìrìn àjò náà ti sú Báyọ̀ kí wọ́n tó dé ibodè. Akínwùmí ra fìlà oríṣi kan náà fún gbogbo wọn, ó ní ẹni tó bá ṣí i, òun àti onítọ̀hún ni. Níbi tí wọ́n bá sì ti dúró, àfi kí wọ́n ya fótò. Táyà jò, fótò. Àwọn aṣọ́bodè dá wọn dúró sínú oòrùn, Akínwùmí ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, fótò. Báyọ̀ gbé ayùn lé itan, ó ń kùn.

Nígbà tí wọ́n dé abúlé náà, Akínwùmí nawọ́ sí ilẹ̀ kan tí koríko rẹ̀ ti gbẹ. “Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀, ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́ ilé Olúwa síbẹ̀.” Ó kó àwọn yòókù, ó di àwọn abúlé tó wà níwájú, wọ́n ń wàásù lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kò ya àwòrán ilé kankan fún un, kò sì bi í ní ohun tó fẹ́ ṣe. Báyọ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó ri òpó, ó tẹ́ pákó, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ará abúlé ń wò ó, wọn kò sọ nǹkan kan, nítorí orí òpó ni àká tiwọn máa ń wà, wọ́n sì rò pé àká àgbàdo ni àlejò wọn kọ́kọ́ ń kọ́ fún wọn. Inú wọn dùn sí i gan-an.

Nígbà tí Akínwùmí padà dé, páànù ti wà lórí. Pákó ìsàlẹ̀ ilé náà ga ju orí èèyàn lọ, àkàsọ̀ gbọọrọ ló lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ewúrẹ́ sì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀, kí lèyí?”

“Ilé Ọlọ́run ni.”

“Mo rí i. Kí ló ń ṣe lókè? Odò wo lẹ ń sá fún?”

Báyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ilẹ̀ pupa tó ti sán lábẹ́ òpó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó ti rí ilé tó jókòó sílẹ̀ ní Igbókọ̀dá, ṣùgbọ́n òun kò kọ́ irú rẹ̀ rí, kò tilẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ, ta ló máa gbà lójú gbogbo ayé pé òun ṣe irú àṣìṣe yẹn?

“Bí ilé ṣe ń rí nìyẹn,” ó dáhùn.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ ya ilé náà sí mímọ́ ló wá burú jù. Ìyá Delphine, àgbà obìnrin tí gbogbo abúlé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, wo àkàsọ̀, ó wo orúnkún ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun nísàlẹ̀. Àwọn àgbà yòókù bá a jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ gòkè, ṣùgbọ́n ooru abẹ́ páànù kò ṣeé fara dà, wọ́n ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kí Akínwùmí tó wàásù dé ìdajì, àwọn onífìlà rẹ̀ nìkan ló kù níwájú rẹ̀, òógùn bò wọ́n. Orin sì ń ta sókè láti abẹ́ pákó, ó dùn ju tòkè lọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ni Akínwùmí ti gbaná jẹ. “Lọ́la lẹ máa gé òpó wọ̀nyí! Ṣé fótò irú èyí ni n ó fi ránṣẹ́ sí ìjọ?”

“Bí mo bá gé wọn, ilé á wó.”

“Kó wó, ká tún un kọ́.”

Ibẹ̀ ni sùúrù Báyọ̀ ti tán. Ó ṣí fìlà, ó là á mọ́lẹ̀. “Ajíhìnrere, gbogbo ilé tí mo kọ́ láyé mi, ojú mi ni wọ́n ṣe wó! Mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ lẹ́nu òkun wá síbí, kí ẹyọ kan ṣáà lè kù. Ẹni tó bá fẹ́ gé òpó yìí, èmi ni kó kọ́kọ́ gé.”

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Delphine ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní rẹ̀.

“Ajíhìnrere, ta ló bẹ̀ yín pé kí ẹ gé e? Látìgbà tí atẹ́gùn ti wó igi tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, a ò rí ibòji jókòó sí mọ́ lábúlé yìí. Ẹ fi ilé wa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé Bíbélì yín sọ̀kalẹ̀ wá bá wa.”

Akínwùmí sọ̀kalẹ̀, ó sì fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n fún ní ewúro jẹ. Fótò tí àwọn onífìlà fi ránṣẹ́, tòun ti ohun tí Akínwùmí bi Báyọ̀, ti ṣáájú wọn délé, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè odò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, òkun tún sún síwájú. Ó gbé afárá pákó iwájú ilé wọn lọ, ìgbì ń gbá abẹ́ yàrá. Báyọ̀ ń tú pákó ilé ara rẹ̀, kí wọ́n lè kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní Ode Ugbo, nígbà tí ọmọ Ìyá Delphine fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù Happiness. Abẹ́ ilé ìsìn náà kún fọ́fọ́. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń pa ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ni fídíò gun àkàsọ̀ lọ, ó wọ inú ilé.

“Àgbàdo!” Báyọ̀ figbe ta. “Wọ́n ti sọ ilé Ọlọ́run di àká! Pákó tí mo fá títí tó fi ń dán, àgbàdo ni wọ́n dà lé e!”

Happiness rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ògiri mì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró. Báyọ̀ gba fóònù, ó fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí i: “Ẹ fi àgbàdo yín sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó ni kẹ́ ẹ yà hàn mí.”

Kò pẹ́ tí òmíràn fi wọlé. Ẹsẹ̀ òpó ni, àti eruku, àti adìẹ kan tó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀. Báyọ̀ gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un wò.

“Bàbá Gift, kí lẹ rí níbẹ̀?”

“Ó gbẹ,” ó ní. “Ìyá Gift, wò ó, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbẹ.”

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Happiness gba hámà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá a yọ ìṣó tó kù lára ilé wọn.