Ọjọ́ Tí Mo Ṣẹ́gi De Ikú Oòrùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré lórí òkè Dásà, ohun tó bà mí lẹ́rù jù láyé kì í ṣe ejò, kì í sì í ṣe pàṣán ìyá àgbà mi. Ikú oòrùn ni. Mìsíyé, bẹ́ẹ̀ la ń pe olùkọ́ wa, ló kó mi sí wàhálà náà. Wọ́n ní ìràwọ̀ ni oòrùn, pé lọ́jọ́ kan ohun tó ń jó nínú rẹ̀ yóò tán, oòrùn yóò sì kú. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní ká máa lọ jẹun. Wọ́n tún sọ pé ọjọ́ náà ṣì jìnnà gan-an, àmọ́ ta ló gbọ́ ìyẹn?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lórí òkè yẹn mọ ohun tí oòrùn jẹ́ fún wa lásìkò ọyẹ́. Ìgbà náà la máa ń bọ iṣu, tí a ó gé e, tí a ó sì sá a sórí àpáta fún èlùbọ́. Àpáta a gbóná débi pé à ń jó bí a ti ń yí iṣu padà. Òórùn rẹ̀ a gba agboolé kan, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lé ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, mo jókòó ti iṣu, mo ń wo oòrùn, àánú ìyá àgbà sì ṣe mí. Òtútù ọyẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Bí oòrùn bá wá kú ńkọ́? Ni mo bá dìde, mo wọ igbó ẹ̀yìn òkè lọ, mo ń ṣẹ́gi jọ bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ. Nígbà tí mo fi gbé ìdì tó kẹ́yìn dé, ewúrẹ́ aládùúgbò wa, Ìyá Àgáàtì, ti jẹ iṣu yó, ó dùbúlẹ̀ sórí ìyókù.

Ìyá àgbà bínú. Ìyá Àgáàtì ní ewúrẹ́ òun kò lọ sílé ìwé, kò mọ iṣu ta ni. Wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn títí oòrùn fi wọ̀. Èmi gba ìgbátí tèmi, mo kúnlẹ̀ ti igi mi.

Ìgbà tí ìyá àgbà fẹ́ dáná oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n rí i pé iná ààrò ti kú níbi tí wọ́n ti ń jà. Igi kún ilé, iná kò sí. Ìṣáná wọ́n lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹni tí iná rẹ̀ bá kú, ilé aládùúgbò ló ń lọ fọnná. Ta sì ni aládùúgbò? Ìyá àgbà na àpáàdì sí mi, wọ́n ní, “Máa lọ.”

Mo rò pé wọn yóò lé mi. Ìyá Àgáàtì wo àpáàdì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n kó ẹyín iná kún un bámú. Wọ́n ní, “Sọ fún ìyá àgbà rẹ pé ewúrẹ́ mi kí wọn.” Àgáàtì ọmọ wọn, ẹgbẹ́ mi, ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. Ìyá àgbà gbọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bi mí ohun tí mo fẹ́ fi gbogbo igi ṣe. Mo sọ fún wọn. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe ìràwọ̀ tó kún ojú ọ̀run. “Mìsíyé yín ní ìràwọ̀ ni oòrùn, àbí? Wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí tirẹ̀ bá kú, yóò lọ fọnná.” Mo jẹun, mo sùn fọnfọn.

Lónìí, mo ní ìṣáná, mo ní gáàsì, ògiri sì yí ilé kálukú wa ká. Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Kútọnu sọ fún mi láìpẹ́ pé eérú ìràwọ̀ tó ti kú ni wọ́n fi ń mọ òmíràn. Inú mi dùn. Ìyá àgbà kò kúkú ṣìnà jìnnà. Àmọ́ ọmọ náà tún ní àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá ń jìnnà síra wọn, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀kan kò ní í rí ìmọ́lẹ̀ èkejì mọ́. Èyí dùn mí ju ikú oòrùn lọ.

Mo wo ògiri mi. Àgáàtì ló ń gbé lódìkejì rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ṣa àpáàdì kan lẹ́yìnkùlé, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ní mo wá fọnná.

Ó wo àpáàdì, ó wo ojú mi. Ó ní, “Wọlé. Ewúrẹ́ mi ti ń béèrè rẹ.”