Atẹ́gùn àti Ìgò Oyin Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mò ń jowú Atẹ́gùn, ẹ má bá a jiyàn. Mò ń jowú ẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ wa pẹ̀lú bàtà kànfáàsì funfun tí ò ní àbàwọ́n kankan lára ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, àlàáfíà ni mi ò ní.

Iṣẹ́ súìtì là ń ṣe. Èmi ni mò ń dúró ti ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ṣúgà, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Ìyá Ìkòkò. Ṣúgà á yọ́, á hó, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. N ó kán díẹ̀ sínú omi tútù, n ó jù ú sẹ́nu. Bó bá fọ́ láàárín eyín láìlẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná nìyẹn. Kò sí ìkòkò tó ń kúrò lórí iná tí mi ò ní tọ́ wò, láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ahọ́n mi ni gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn fi ń jẹun.

Ẹsẹ̀ mi náà ni wọ́n fi ń gbéraga. Lọ́dọọdún, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ládùúgbò wa máa ń sáré ìje lójú títì, obìnrin kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fà kalẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀mọge, èmi ni tiwa. Àwòrán mi wà lára ògiri lẹ́nu géètì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo eyín síta. Ẹni tó bá ń wọlé wá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, iwájú mi ló máa gbà kọjá. Ẹ bá mi rò ó wò, ta ló máa fẹ́ kí wọ́n yọ òun kúrò nírú ibẹ̀ yẹn?

Ìgbà tí Atẹ́gùn dé, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń fi bébà wé súìtì ni wọ́n fi í sí. Kò ga, kò sanra, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rín ṣáá ni. Ẹ kí i, á rẹ́rìn-ín. Ẹ bú u, ẹ̀rín kan náà ni. Èmi ò sì fọkàn tán ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí èébú. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì tó ń kó wa lọ sílé fi í sílẹ̀, ló bá sá tẹ̀ lé e, ó bá a kó tó dé kọ́nà, ó sì ń fọwọ́ kan ara bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Baálé mi, tó ń ṣọ́ géètì, ló rí i. Ó ní, "Èyí kì í ṣèèyàn, atẹ́gùn ni." Bórúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ọkọ tèmi ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣé ẹ gbọ́ mi yékéyéké? Ọkọ tí mo ti ń sáré lójú ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò tíì rí orúkọ kankan fún mi ju "Ìwọ dà, oúnjẹ ńkọ́?" lọ.

Oúnjẹ Atẹ́gùn ló wá da epo síná ọ̀rọ̀ náà. Lásìkò ìsinmi, orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilé la máa ń jókòó sí. Búrẹ́dì funfun àti ẹlẹ́rìndòdò làwa ń jẹ, a ó wá fi súìtì tó ti kán, tí ò ṣeé tà, panu. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa. Atẹ́gùn á ṣí abọ́ tiẹ̀: ẹ̀wà sísè, ànàmọ́ díẹ̀ tòun tèèpo, ẹyin kan, ẹ̀pà tí ò kún àtẹ́lẹwọ́. Bó bá bó ọsàn, á jẹ ààbọ̀, á di ààbọ̀ yòókù padà sínú ọ̀rá. Ta ló ń jẹ ààbọ̀ ọsàn láyé yìí? Súìtì ò sì kan ẹnu ẹ̀ rí. Ó ń gbé nínú oyin, kò lá a.

Mo bi í lọ́jọ́ kan. "Ìwọ, o ò kì í jẹ súìtì ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò bá mi lára mu ni." Ló bá rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò dáa tó fún un. Mo gbé e lọ sílé, mo gbé e sùn, mo sì gbé e padà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mò ń se é, tí mò ń jẹ ẹ́, ṣé ara tèmi igi ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń sáré. Kí n tó gbéra, n ó fi súìtì kíkán kún ẹnu, n ó fi ẹlẹ́rìndòdò sìn ín wọ̀fun. Ní kékeré mi, ńṣe ni n ó máa fò. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, nǹkan ọ̀hún á gbé mi dé ìdajì ọ̀nà, á sì sọ mí sílẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á máa ṣe mí bàìbàì. Mo ní iná ìkòkò ni, mo ní àgbà ló ń dé. Gbogbo nǹkan pátá ni mo dá lẹ́bi, súìtì nìkan ni mi ò kàn.

Mánijà wá kéde pé níwọ̀n ìgbà tó ti di pé eléré méjì la ní, kí àwa méjèèjì kọ́kọ́ bára wa sá a nílé. Ẹni tó bá ṣíwájú ló máa lọ dúró fún ilé iṣẹ́, àwòrán ẹ̀ ló sì máa wà lẹ́nu géètì. Ó fẹ̀rín sọ ọ́. Mo padà sídìí ìkòkò, mo jẹ́ kó jóná nídìí.

Mo délé, baálé mi tún fi tiẹ̀ kún un. Ó ní, "Ká ní o lè máa jẹun bíi ti Atẹ́gùn yẹn ni."

Mo ní, "Ẹ lọ fẹ́ ẹ kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ̀wà."

"Ṣé ìyẹn ni mo sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ sọ."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ Atẹ́gùn bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń sáré yí ọgbà ká, mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn àpò ṣúgà, mò ń yọjú wò ó. Ló bá ṣàdédé dúró. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fa ìgò kékeré kan yọ lápò, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan péré, ó jókòó díẹ̀, ló bá dìde, ó tún ń sá lọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílé ayé. Ohun inú ìgò yẹn pọ́n bíi tíì, èèrà sì ti ń bo ibi tó kán sí nílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, mo tọ́ ọ wò. Oyin ni wọ́n pò mọ́ omi. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, àṣírí ti tú.

Mo ra oyin. Mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná mi, mo da omi sí i, mo fún ọsàn sí i, mo fi iyọ̀ bín-ín-tín kún un. Mo tọ́ ọ wò, omi òjò lásán ni lẹ́nu mi. Mo fi oyin kún un. Mo tún tọ́ ọ wò, kò tíì dùn. Mo tún fi kún un. Ẹ má gbàgbé ahọ́n tó ń ṣe ìtọ́wò náà. Ẹni tí ṣúgà gbígbóná ń kan ẹnu ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ni oyin tí wọ́n lú lómi fẹ́ sọ fún un? Ìgbà tí mo fi máa ní ó tó, oyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú kẹ́ẹ̀gì.

Baálé mi fi ẹnu kàn án, ojú ẹ̀ pa dé. Ó ní, "Èyí ṣeé fi lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà."

Mo ní, "Ẹ ò fẹ́ kí n borí ẹ̀ ni."

Ó ní, "Ẹni tó máa lá oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dáa, lá a."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Atẹ́gùn mu ẹnu kan nínú tiẹ̀. Èmi gbé gbogbo ìgò tèmi dà sọ́fun, nítorí pé mi ò ní jẹ́ kó jù mí lọ nínú ohunkóhun. Láti ẹnu géètì lọ sídìí táńkì omi tó wà lórí òkè, ká sì padà, ìyẹn ni ìrìn wa. Wọ́n fọn fèrè. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sá. Mo gba iwájú baálé mi kọjá, mo rí i pé ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, inú mi dùn. Mi ò gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Mo ti ń ronú irú aṣọ tí n ó wọ̀ nínú àwòrán tuntun.

Ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ ni inú mi ti sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ kùn, ó wá lọ́ pọ̀. Gbogbo oyin yẹn jókòó síbì kan nínú ikùn, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn, omi ara mi sì ń wọ́ lọ bá a níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí gọ́tà, oyin sì gba ibi tó wọlé jáde. Ibẹ̀ ni mo wà tí Atẹ́gùn fi dé. Ó dẹsẹ̀ dúró díẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n," ó sì kọjá. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo mọ àtẹ́wọ́ ọkọ mi láàárín ọgọ́rùn-ún àtẹ́wọ́, mo sì gbọ́ ọ níbẹ̀.

Wọ́n mú mi lọ sí yàrá ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì ní kí n dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kọ́tìnì. Kò pẹ́ tí Atẹ́gùn wọlé. Kò rí mi. Ó gbé bùláòsì ẹ̀ sókè díẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ kékeré kan yọ, ó sì gún ara ẹ̀ nínú ikùn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń de bọ́tìnì. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn. Mo ní oògùn agbára ló ń gún sára.

Mo fa kọ́tìnì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo ojú olè. Ẹ wá wo ohun tó fi ń sáré."

Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mo mọ̀ nípa ẹ̀, màmá. Ẹ sùn padà."

Atẹ́gùn sọ bùláòsì kalẹ̀, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ojú ẹ̀ láìsí ẹ̀rín. Ó ní, "Ìtọ̀ ṣúgà ni, ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré. Bí mi ò bá gún abẹ́rẹ́ yìí kí n tó jẹun, mi ò ní pẹ́ láyé. Gbogbo ohun tí mò ń jẹ, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Dókítà ló ní kí n máa lo ara mi, ibẹ̀ ni mo ti di eléré."

"Oyin ńkọ́? Mo rí ọ tó o mu ún."

"Bí ṣúgà ara mi bá lọ sílẹ̀ jù, ara mi á máa gbọ̀n, mo lè dákú. Ìgbà náà ni mo máa ń mu ún, tàbí kí n tó sáré, kí n má baà ṣubú. Oyin ò fún mi ní ẹsẹ̀ kankan."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ẹ̀yin rò pé oyin kì í ṣe ṣúgà ni, màmá? Bó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Atẹ́gùn ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ń da ìkòkò sórí tábìlì, mo máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí òórùn ẹ̀ lè kàn mí nímú. Mi ò mọ bó ṣe ń dùn. Ẹ̀yin á kàn nawọ́, ẹ ó mú un, ẹ ó jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń jowú yín délé."

Nọ́ọ̀sì gún ìka mi kó tó ní kí n máa lọ, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ ẹ̀, ó tún un wò. Ó ní ṣúgà ara mi ti ga jù, pé ó lè jẹ́ oyin tí mo mu ni, kí n padà wá lọ́la kí n tó fi nǹkan kan ẹnu. Mo padà lọ láàárọ̀, inú òfìfo. Nọ́ńbà ò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Ó bi mí bóyá òùngbẹ máa ń gbẹ mí, bóyá mo máa ń tọ̀ lemọ́lemọ́, bóyá ojú máa ń ṣe mí bàìbàì. Gbogbo ẹ̀ ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí. Ó ní tèmi kì í ṣe irú ti Atẹ́gùn, oògùn oníhóró lèmi máa lò, ṣùgbọ́n kí n lọ sọ fún mánijà pé kó wá ẹlòmíì tó máa máa tọ́ ìkòkò wò.

Lásìkò ìsinmi, mo jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Atẹ́gùn sún mọ́ mi, ó yí ìdérí abọ́ ẹ̀ padà, ó bu ẹ̀wà àti ànàmọ́ sí i, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí ló dé iwájú mi, mi ò sì jà kí n tó rí i gbà. Níwájú wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń fọ́ súìtì lẹ́nu, wọ́n ń gba ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́wọ́ ara wọn. Mò ń wò wọ́n. Mo yíjú, Atẹ́gùn náà ń wò wọ́n.

Mo bi í pé, "Ó máa ń mọ́ èèyàn lára tó bá yá?"

Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n."