Aràn Ọmọ Mi

Tí mo bá pàdé èyíkéyìí nínú àwọn tí a jọ gbélé ní Ṣógúnlé lónìí, mi ò ní kí i. Nígbà tí owó epo gbòde la jọ gbébẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni mo ń ránṣọ ní ọjà Aswani.

Dókítà ará Kòríà kan wá ṣèwádìí aràn nílé iṣẹ́ wọn. Ó fún kálukú ní agolo kékeré pé kí wọ́n fi ìgbẹ́ sí i wá. Wọ́n fárígá. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tí òyìnbó fẹ́ fi ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ọjà dé, mo rí i pé wọ́n ti bá mi fọ póò ọmọbìnrin mi. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí ọ̀dẹ̀!

Nígbà tó yá, dókítà ní aràn kan náà ló wà nínú agolo gbogbo wọn. Inú ẹ̀ dùn, ó ní òun máa kọ ọ́ sínú ìwádìí òun. Ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé oògùn mì. Bí wọ́n ṣe tò síwájú ṣáláńgá ilé wa tí wọ́n ń di ikùn mú, obìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi jágbe mọ́ mi pé, "Aràn ọmọ ẹ ló ń pa wá báyìí!"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tó mú wọn fọ póò. Mo wo ọmọ mi nílẹ̀, pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdù. Gbogbo wọn ló ti lo oògùn aràn ẹ̀, òun tó ni aràn ni kò lò ó.