Ebè Tí Kò Ní Èbù Nínú

Òórùn ewé gbígbẹ tí ìrì sẹ̀ sí ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ níbikíbi, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á ní kí n wá wo sinimá ìdílé àgbẹ̀ kan tí ìyà ń jẹ, tàbí kí n gbọ́ ìtàn irú rẹ̀ tí wọ́n rà, kí gbogbo wa jọ sunkún. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí ebi ti pa rí kì í sanwó wo ebi. Wọ́n ní inú mi le jù. Ó le lóòótọ́, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi tù ú.

Nígbà náà, gbọ̀ngàn orí òkè Màpó ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Ilé wa wà ní Bẹ́yẹrúnkà, ṣùgbọ́n abà ni bàbá mi ń gbé ju ilé lọ. Ó ti gbin kòkó sí ibi tí bàbá tirẹ̀ ti ń gbin iṣu, nítorí kòkó ni gbogbo ayé ń pariwo. Lójijì, àwọn òyìnbó tó ń ra kòkó ní àwọn kò fẹ́ mọ́, àfi bí a bá máa fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kòkó kì í sì í ṣe ohun tí à ń sè jẹ. A jẹ ìwọ̀nba iṣu tó kù, nígbà tó tán, a jẹ èbù, ìyẹn iṣu tí àgbẹ̀ tọ́jú láti gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Àgbẹ̀ tó bá jẹ èbù, ọ̀lẹ ni ayé ń pè é. Àwọn àgbà sì ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. A jẹ ẹ́ nínú ilé, a nu ẹnu, a dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ ilé kan ní Oníyanrìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ránṣẹ́ pé òun àti ẹgbẹ́ òun ń bọ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Bàbá mi kò lè ní kí wọ́n má wá, torí ẹni tó bá kọ ọ̀wẹ̀ ti kọ ọkọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tó ogún ọkùnrin, wọ́n sì kọ ebè láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi lọ salalu. Nídìí igi àràbà, ọkọ́ bu ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, màmá mi sì fi àkísà dì í. Wọ́n jẹ gbàgùdá tí a tọrọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Wọ́n rò pé a ó gbin èbù sínú ebè náà lọ́jọ́ kejì.

Bàbá mi dúró, ó ń wo ebè. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ní, "Ẹ lọ kó ewé gbígbẹ wá." Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kó o, a sì fi bo orí ebè kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé èbù wà nínú rẹ̀ tí a kò fẹ́ kí oòrùn pa.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ń lọ kọ ebè fún àwọn ẹlòmíì ní abà kejì, èbù ni wọ́n sì ń fún un, méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti ṣí gbogbo ebè wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi nǹkan sí i. Nígbà tí Iléyá fi máa dé, iṣu ti ń gun ọ̀pá. Àṣírí ti bò.

Ṣùgbọ́n tíṣà ìjọ kan wà tó gba yàrá iwájú ilé wa. Ó kọ́ mi ní ábídí, mo sì mọ̀ ọ́n débi pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mo ń fò. Ó fẹ́ràn kó máa bi mí ní ọ̀rọ̀ oko, èmi náà sì ń rojọ́ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, ọkọ ìyàwó àti bàbá rẹ̀ gbé itan àgbò wá kí wa. Tíṣà jáde pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ fún un ní Èkó, ìtàn ìdílé àgbẹ̀ kan ní ìgbà ọ̀dá owó. Ó ní kí n kà á fún àlejò. Mo dúró ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì gbé ohùn sókè.

"Máṣáálà!" ni bàbá ọkọ ìyàwó wí. "Ọmọ yìí mà mọ̀wé o. Máa kà á lọ, ọmọ mi."

Mo kà á dé ibi tí àwọn kan wá ṣe ọ̀wẹ̀, tí ọkọ́ bu ọkọ ìyàwó ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Mo gbé ojú kúrò nínú ìwé. Mo rí i tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó tó báyìí," ni bàbá mi wí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ó parí ẹ̀, bàbá. Ibi tó dùn jù ló kàn."

Mo lè pa ìwé náà dé. Mo lè yí ìtàn náà padà, kí n ní òjò rọ̀, tàbí pé àgbẹ̀ náà gbin èbù rẹ̀, torí nínú gbogbo ilé yẹn, èmi àti tíṣà nìkan la mọ̀wé. Àmọ́ mi ò fo ọ̀rọ̀ kankan rí lójú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ka ebè òfo, mo ka ewé gbígbẹ, mo ka àwọn ọmọbìnrin méjì tó kó o, mo sì fi ohùn dídùn kà á.

Bàbá ọkọ ìyàwó gbọn agbádá rẹ̀, ó dìde. "A ti gbọ́," ló wí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ ọmọ ẹni tó mú ogún ọkùnrin kọ ebè lásán. Bàbá mi kò sọ fún wọn pé iṣu ti wà níbẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó lè la ẹnu.

Tíṣà ní ìtàn lásán ni, òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé rẹ̀, àgbẹ̀ náà kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, àwọn tó kà á sì sunkún. Bàbá mi kò kú. Ó wa iṣu lọ́dún yẹn, iṣu ńláńlá, kò sì sí òǹkọ̀wé kankan tó wá wò ó. Mi ò dárí ji tíṣà yẹn títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ lẹ́yìn náà: "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Wọ́n fi í fún bàbá arúgbó kan ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, ó di ìyàwó kẹrin. Ọdún gorí ọdún, èmi náà di tíṣà, mo sì ń gbé ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ sí òkèèrè, tó ń kọ lẹ́tà sí i, yóò so lẹ́tà náà mọ́ etí aṣọ, yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, yóò rìn dé Oríta-mẹ́rin lọ sanwó fún akọ̀wé tó ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà, kó bá òun kà á. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Bó ṣe ń kọjá nìyẹn títí tó fi kú.