Yàrá Ará Ṣúnémù ní Ilé Iṣẹ́ Bísíkíìtì

Òórùn bísíkíìtì ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Dópẹ̀mú láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ náà nígbà tí òórùn bọ́tà àti ṣúgà gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń lálàá. Títí di òní, bí mo bá rántí ibẹ̀, imú mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí.

Yàrá ìtọ́jú wà lókè ilé ìkẹ́rù, àtẹ̀gùn onírin la sì ń gbà dé ibẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì, ọ̀gá mi, ti jókòó sínú rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sanra, ẹnu wọn mú.

"Bọ́sẹ̀, kí lo rí níbí?" ni wọ́n bi mí.

"Ibùsùn, tábìlì, àga, àti iná orí tábìlì, mà."

"Ó pé. Yàrá tí obìnrin Ṣúnémù kọ́ fún wòlíì Èlíṣà nìyí gẹ́lẹ́. Wòlíì nìkan ni wọ́n gbàgbé láti fi sí i!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọsíbítù. Ní ọsíbítù, aláìsàn á ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ọ láìjẹ́ pé o bi í. Níbí, kó tó gun àtẹ̀gùn tán ló ti ń pariwo pé, "Dáadáa ni mà, a dúpẹ́!" Àwọn káṣúà ló pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin wa, àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí wọn kò gbà síṣẹ́ pátápátá. Èyí tó bá ṣàìsàn tàbí tó lóyún nínú wọn, bó bá dé ẹnu géètì lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní ẹlòmíì ti gba ipò rẹ̀. Ṣé wàá dá wọn lẹ́bi? Wọ́n á fẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n á tutọ́ funfun jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oorun ń kun gbogbo wa, tí kíkùn àwọn ẹ̀rọ ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, Fúnmi wọlé. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, ẹnu ààrò ńlá tí bísíkíìtì ń gbà jáde ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé dáadáa ni?" ni mo bi í.

"Dáadáa ni mà. Orí ló kàn ń fọ́ mi. Ẹ bá mi wá parasítámọ̀."

Mo ti ń ṣí ìgò nígbà tí Màmá di ọwọ́ mi mú. Ẹsẹ̀ Fúnmi ni wọ́n ń wò. Ó wú débi pé okùn sálúbàtà ti rì sínú ẹran ara. Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n we ohun tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin Ṣúnémù bí, 'Orí mi, orí mi' ló ń ké tó fi kú sórí itan rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn wòlíì, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Èlíṣà. Ọkọ rẹ̀ bi í, ó ní àlàáfíà ni. Géhásì, ọmọ ọ̀dọ̀ wòlíì, bi í lọ́nà, ó ní àlàáfíà ni. Nígbà tó wá dé iwájú Èlíṣà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mà," ni Fúnmi dáhùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àwa obìnrin ayé ìsinsìnyí, èyí tó sọ fún Géhásì nìkan la há sórí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fúnmi, èmi kì í ṣe Géhásì o."

Ni Fúnmi bá bú sẹ́kún. Oyún ni, ó ti wọ oṣù keje, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tọrọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣú, ó ń rí iná wẹ́wẹ́. Ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó ṣí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àánú ṣe mí: ọ̀já tó yẹ kó fi pọn ọmọ ló fi di inú náà pa mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ìyá àti ọmọ lè lọ lọ́jọ́ náà. Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ti ọ̀gá àgbà. Mo di Fúnmi mú, a tẹ̀ lé Màmá lọ sí ọ́fíìsì.

"Màmá, mò ń fi mọ́tò yẹn dúró de àlejò. Ṣé kì í ṣe káṣúà ni?" ni ọ̀gá wí.

Màmá fa àga, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. "Ọ̀gá, bí Olúwa ti ń bẹ láàyè, n ò ní kúrò níbí."

Ọ̀gá wò wọ́n, ó wo ojú Fúnmi tó ti wú, ó pe awakọ̀. Màmá kò dìde. "Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Áà, Màmá! Tó bá ti bímọ tán, kó padà síbi tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sí páálí. Wọ́n máa ń jókòó níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dìde. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde ní ọsíbítù Ìkẹjà, ó kéré bí ọmọ ológbò, ṣùgbọ́n ó yè. Ìyá rẹ̀ náà yè.

Màmá fẹ̀yìn tì, wọ́n fi àga wọn sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, lóṣù tó kọjá, ó kan èmi náà láti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbàdúrà, a mu mínírà, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, èmi tí n kò níbi tí mò ń sáré lọ mọ́. Lẹ́yìn náà mo gòkè lọ dá jókòó. Oòrùn ọ̀sán wà lórí ibùsùn, òórùn bọ́tà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ilé mi l'Abúlé Ẹ̀gbá ti dákẹ́ jù.

Fúnmi, tó ti di ọ̀gá àwọn tó ń di páálí, gun àtẹ̀gùn wá.

"Ṣé dáadáa ni, mà?"

"Dáadáa ni, a dúpẹ́."

Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. "Mà, èmi kì í ṣe Géhásì o."

Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló bọ́ lẹ́nu mi. "Kò dáa, Fúnmi. Ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí."

Ó fa àga, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"N ò ní kúrò níbí, mà."