Bàbá Wàídì, Télọ̀ Tó Ń Wọn Sìkírìnì

Ẹni tó bá fẹ́ pa àwọn ará Mowe lẹ́rìn-ín, kó ṣáà bi wọ́n pé báwo ni olóògbé Mùtíù Àdìó ṣe ra sìkírìnì ní Ibafo. Iṣẹ́ télọ̀ ló gbé bàbá náà wá láti Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, ó gbé máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ilé géèmù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí sìkírìnì. Ó fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèpù télọ̀ ò kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Sàhéèdì, tó ń ta sìkírìnì tòkunbọ̀ ní Ibafo, gbé ọ̀kan jáde fún un lọ́jọ́ náà, ó gùn gbọọrọ bíi bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé. Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Mowe."

Bàbá na téèpù lé e. Ó wọn ìbú, ó wọn gíga, ó mi orí. "Mi ò rí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kankan níbí."

"Láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn."

Bàbá ká téèpù rẹ̀ kọ́rùn. "Sàhéèdì, látìgbà tí mo ti ń ránṣọ, ta lo rí tó wọn ṣòkòtò láti igun dé igun?"

Ó fa sìkírìnì kan tó kéré jù ú lọ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíga àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Sàhéèdì bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: èyí tí gbogbo ayé ń lò, tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, gíga rẹ̀ á jẹ́ mẹ́sàn-án, gbọọrọ yìí ní tiẹ̀, ìbú mọ́kànlélógún ló ní sí gíga mẹ́sàn-án.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ò ń sọ? Mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún, mẹ́sàn-án níbí. Mẹ́sàn-án ò yí padà, kí lowó wá ń yí padà sí?"

Àárọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Alásárì, Sàhéèdì ti já owó lulẹ̀, ó ti bá a ra omi tútù àti búrẹ́dì, ó sì tún san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Mowe, kó ṣáà ti máa lọ.

Wàhálà míì dé nígbà tí wọ́n so sìkírìnì mọ́ géèmù. Géèmù náà ò fẹ̀ tó o. Àárín nìkan ni pápá bọ́ọ̀lù wà. Ọ̀tún dúdú, òsì dúdú. Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Yaqub, tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá, ní, "Bàbá, kí lèyí tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì yìí?"

"Ibi táwọn òǹwòran jókòó sí ni," Bàbá dá a lóhùn. "Wọ́n ti mú iná lọ́dọ̀ tiwọn ni."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Wáìdì, nítorí fífẹ̀ sìkírìnì, torí "wáìdì" ni Òyìnbó ń pe ohun tó fẹ̀. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi yí lẹ́nu àwọn àgbà di Wàídì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Kaosarah, ọmọbìnrin wọn, nìkan ni Ọlọ́run fún Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ Ìbíwùnmí. Àlejò á wọlé, á kí ìyàwó: "Ìyá Wàídì, Wàídì ńkọ́?" Ìbíwùnmí á fi ẹnu júwe ìdí ògiri: "Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún lójú tán ni."

Irú ojú tí sìkírìnì ní, yálà TN, VA tàbí IPS, tún máa ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní TN yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèèyàn bá ti wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá bí áńkárá olówó pọ́ọ́kú. Dúdú VA dúdú dáadáa, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré á máa fa ìrù. IPS nìkan ni kì í yí àwọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Àwòrán ìgbéyàwó òun àti Ìbíwùnmí ló fi ń dán wọn wò. Á gbé e sójú sìkírìnì, á yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún lóṣòó wò ó láti ìsàlẹ̀. "Gbé e kúrò," ló máa ń wí. "Obìnrin tí mo fẹ́ kì í ṣe aláwọ̀ ewé."

Lẹ́yìn náà ni Táíyé ṣubú. Wẹ́dà ni, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Orí òrùlé ló wà tó ń jó irin tó fi já bọ́, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Ó pẹ́ kí egungun rẹ̀ tó jinná, ṣùgbọ́n nígbà tó jinná tán, tí dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, ẹ̀rù ò jẹ́ kó gbìyànjú. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń wo àjà. Kò fẹ́ jẹun, kò dá ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣuntóyìn, lóhùn mọ́.

Bàbá gbé ọ̀kan nínú àwọn sìkírìnì TN rẹ̀ àtijọ́ lọ, ó gbé e kọ́ sára ògiri níwájú ibùsùn, ó so géèmù mọ́ ọn, ó sì fi pádì tí wọ́n fi ń ta á sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí ti dúdú bí èédú," Táíyé wí láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. "Mi ò mọ èwo ni tèmi." Ó bá gbé pádì sílẹ̀, ó tún kọjú sí àjà.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé Wàídì lọ sí Ibafo.

"Sàhéèdì, gba gbọọrọ yìí. IPS ni kó o fún mi, èyí tí ẹni tó dùbúlẹ̀ á rí kedere."

Sàhéèdì ń retí kó na téèpù. Bàbá ò fọwọ́ kàn án. Kò ná an, kò ní kí Sàhéèdì fowó lé e fún òun, kò tilẹ̀ jókòó. Sàhéèdì sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá. Àjà ni ọmọ kan ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì yẹ kó máa wo àjà."

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń lọ bá Táíyé ta géèmù. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ṣàánú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí Táíyé bá fẹ́ jẹ ẹ́, Bàbá á dá géèmù dúró, á ní wọ́n ti ń pèrun. Táíyé fara dà á títí, ó wá di ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé ẹnu àwọ̀n pátápátá.

"Wọ́n ti ń pèrun," ni Bàbá wí.

"Ìrun wo, Bàbá? Ìrun wo? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán níbí yìí!"

Ìjókòó ni Táíyé wà tó ń pariwo. Ó ti dìde jókòó, kò tíì mọ̀. Ọ̀ṣuntóyìn tó gbé ẹ̀kọ wọlé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Bàbá sì ń nu ojú, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ló kó sí òun lójú. Iná ìjọba ni wọ́n sì ń lò lọ́jọ́ náà.

Nígbà táwọn èèyàn bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, inú bí i. "Mi ò fẹ́ kó jẹ mí ni!"

Ọdún tó kọjá ni Bàbá kú, lẹ́yìn àìsàn díẹ̀. Ilé kún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún á rántí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sì bú sẹ́rìn-ín. Sàhéèdì wá láti Ibafo, ó ní látọjọ́ tí Bàbá ti kú, títà ò dùn mọ́ òun nínú, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá òun jà dáadáa.

Ojú ibi iṣẹ́ ni Táíyé ti wá, eruku irin ṣì wà lára rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí Ìbíwùnmí, ìyá náà nawọ́ pé, "Má dọ̀bálẹ̀, Táíyé. Ẹ̀yìn ẹ."

Táíyé dọ̀bálẹ̀ náà, ó na gbogbo ara sílẹ̀. "Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣé tí ẹ yọ̀ǹda wọn fún wa."

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.